Ọkọ̀ Tó Ń Yà Sọ́tùn-ún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún

Wọ́n ti gbà mí padà sínú ìdíje ọkọ̀ kékeré ilé ìwé wa. Kì í ṣe pé Tíṣà fẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi Rúlà ló lọ dúró síwájú tábìlì ẹ̀, tó ní bí kì í bá ṣe èmi ni òun máa bá ṣe é, òun náà ò ṣe mọ́. Tíṣà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Yàsígbó, ṣé ọwọ́ ẹ ò ní gbọ̀n lọ́tẹ̀ yìí?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kò ní gbọ̀n, sà." Ohun tó wà nínú mi tí mo fẹ́ sọ gan-an, mi ò lè kọ ọ́ síbí, torí Màámi máa ń tún yàrá mi ṣe.

Ọdún kan gbáko ni mo ti ń jẹ́ Yàsígbó. Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo gbé ọkọ̀ wa kalẹ̀ níbi ìdíje, ó ṣẹ́rí sọ́tùn-ún, ó lọ kọlu bàtà ọ̀kan nínú àwọn adájọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì náà, bákan náà. Wọ́n ní ọwọ́ mi ló gbọ̀n nígbà tí mo fẹ́ jọ̀wọ́ ẹ̀. Bóyá òótọ́ ni. Mi ò rántí pé ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n ogún èèyàn ló ní àwọn rí i, èmi nìkan ni mi ò rí i.

Rúlà ti wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ìdíje ìkẹyìn ẹ̀ nìyí. Bí mo bá tún ba èyí jẹ́, èmi ṣì ní ọdún tó ń bọ̀, òun ò ní.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Tíṣà ka òfin fún wa lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ká má sọ pé òun ò sọ. Pàkúté eku kan ṣoṣo ni yóò máa fa ọkọ̀, kò gbọdọ̀ sí bátìrì, kò gbọdọ̀ sí ẹ́ńjìnnì. Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje ni wọ́n tó máa sọ bó ṣe máa rìn jìn tó, láàárín mítà márùn-ún sí mẹ́jọ. Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ni yóò dúró. Ẹni tí imú ọkọ̀ ẹ̀ bá sún mọ́ àmì jù ló gbégbá orókè. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la máa rán an, èyí tó bá dáa jù ni wọ́n máa kà, ilé ìwé méjì àkọ́kọ́ ló sì ń lọ sí ìpele tó kàn.

Rúlà kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó sì fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tí kò lè fi rúlà wọ̀n. Ó ti wọn imú mi rí.

Síìdì mẹ́rin la fẹ́ fi ṣe táyà. Màámi yọ wọ́n láti ìsàlẹ̀ àpótí òwú ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni síìdì ìgbéyàwó òun àti Bàámi. Mo ní, "Màámi, èyí ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ̀rọ wo la fẹ́ fi wò ó mọ́? Ẹ mú un lọ, kóun náà rí ibì kan lọ." Bàámi tó na ẹsẹ̀ sórí àpótí ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó tó bá ń yí kì í dógùn-ún.

Oṣù méjì rèé tí Bàámi ti jábọ́ lórí àkàbà níbi iṣẹ́. Bíríkìlà ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kán, dókítà fi símẹ́ńtì funfun rẹ́ ẹ bí ẹni rẹ́ ògiri, Bàámi sì ní iṣẹ́ náà ò dán. Látìgbà náà ló ti jókòó sílé tó ń bá gbogbo wa wí: bí mo ṣe ń gbálẹ̀, bí Màámi ṣe ń to aṣọ tó rán, bí aládùúgbò ṣe kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Mo yáa ń gbé ọkọ̀ mi gba ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Wẹ́dà tó wà níkòríta bá wa lu ihò mẹ́rin sára pákó tá a fi ṣe ara ọkọ̀, kò gba nǹkan kan. Ó ní ká bá òun kí Bàámi.

Irin ẹ̀yìn tó so táyà méjì pọ̀ ti wọlé. Ojú yíyí bíi ti bóòtù ló wà lára ẹ̀ látòkè dé ìdí, nọ́ọ̀tì abìyẹ́ kan sì wà lórí ẹ̀. Bí táyà bá ṣe ń yí, nọ́ọ̀tì á máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀, tó bá ti kan pákó, irin ò lè yí mọ́, ọkọ̀ á dúró gbà. Rúlà ló ronú ẹ̀. Mo ní ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí aago. Ó ní aago ilé àwọn kì í ṣiṣẹ́.

Pàkúté gbá mi níka lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Ojú eku ń rí nǹkan o.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òjò látàárọ̀. Gọ́ọ̀mù ò gbẹ. A ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó rìn! Mo pariwo débi pé ẹyẹ fò lórí òrùlé.

Kọ́rídọ̀ iwájú kíláàsì wa la ti dán an wò, bí gbogbo ẹni tó ti ṣe é ṣáájú wa. Òun nìkan ló gùn tó, tó sì dán. A fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi ẹnu ọ̀nà wa. Ògiri wà lọ́wọ́ ọ̀tún, gọ́tà wà lọ́wọ́ òsì, pápá wà lẹ́yìn gọ́tà.

Ṣùgbọ́n ó ń yà. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá la rán an, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló yà sósì, tó forí lé gọ́tà bí ẹni pé wọ́n dá oúnjẹ sílẹ̀ dè é níbẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Inú mi dàrú. Rúlà ní kí n fara balẹ̀, pé ìdí tá a fi fi súkúrù sétí irin iwájú nìyẹn: bá a bá yí i, irin á sún síwájú díẹ̀, imú ọkọ̀ á kọjú sọ́tùn-ún. Ẹnu ọ̀bẹ la fi ń yí i, ìdámẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ara.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Yí, rán, gbé padà. Yí, rán, gbé padà. Tó bá ti dé òpin kọ́rídọ̀, à á gbé e lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun padà síbi ìlà. Ìdí ń ro mí. Ó ṣì ń yà, ṣùgbọ́n ó ti dín kù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Tààrà! Ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra, tààrà bí okùn bíríkìlà! Rúlà, tí kì í rẹ́rìn-ín, jó. Kò mọ ijó jó rárá, mo sì sọ fún un.

Mo fi gọ́ọ̀mù kan súkúrù náà díẹ̀ kó má baà ṣí. Mo sùn fọnfọn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Orí mi ń gbóná.

Mo pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé torí mo lọ dá ìwé padà. Nígbà tí mo máa fi dé kọ́rídọ̀, Rúlà ti kúnlẹ̀ sínú gọ́tà, ó ń ṣa síìdì. Táyà kan ti fọ́ sí mẹ́ta. Síìdì ìgbéyàwó ni.

Kò tiẹ̀ kí mi. Ó ní, "Kí lo ṣe sí súkúrù?"

Mo ní, "Èwo ni kí ni mo ṣe sí i?"

"Ó yà sọ́tùn-ún wọ́wọ́. Kò yà báyìí rí. O ti fọwọ́ kàn án."

"Ìwọ lo rán an, ìwọ ló yà mọ́ lọ́wọ́, èmi lo wá ń bi?"

Ló bá sọ ọ́. Ó ní, "Gbogbo ayé ló sọ fún mi pé kí n má mú ẹ."

Mo gbé báàgì mi, mo bá tèmi lọ. Mi ò sunkún títí mo fi kọjá géètì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo fẹ́ kọ èyí dáadáa kí n má baà gbàgbé ìkankan nínú ẹ̀.

A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ nílé ìwé. Mo délé, mo sọ fún Màámi pé síìdì ìgbéyàwó wọn ti fọ́. Mo rò pé ó máa bínú. Ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, ó tọ́ka sí Bàámi, ó ní, "Ẹni tí mo fẹ́ rèé, ó jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló fọ́." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Bàámi ní kí n jókòó. Ó ní, "Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń ṣe kiní yìí, o ò bi mí ní nǹkan kan. Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ń ronú ni?" Ojú tì mí. Mo wá sọ gbogbo ẹ̀ fún un: pé ọkọ̀ náà yà sósì, pé a tún un ṣe títí tó fi tọ́, pé lánàá ó deédé yà sọ́tùn-ún, tí ẹnì kankan ò sì fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Níbi tẹ́ ẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ náà ni ọ̀rẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lánàá?"

Mo ronú. Mo ní rárá, obìnrin tó ń nulẹ̀ wà níbi ìlà wa lánàá, garawa ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Apá ibi òpin ló ní láti ti rán an bọ̀.

"Kọ́rídọ̀ wo nìyẹn?"

"Èyí tó wà níwájú kíláàsì wa, tó kọjú sí pápá."

Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, tó ń ké "yéè, yéè" tó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé oògùn ló ń gun un.

Ó ní, "Èmi ni mo ṣe kọ́rídọ̀ yẹn! Kó o tó wọ ibẹ̀ ni. Láti ara ògiri dé etí gọ́tà, ìka mẹ́ta ni mo fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ ìta tí òjò ń fẹ́ sí, ẹni tó bá ṣe é ní títẹ́jú, kì í ṣe bíríkìlà. Omi gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Ilẹ̀ yẹn ló ń fa ọkọ̀ yín lọ sí gọ́tà. Ẹ wá yí imú ẹ̀ sọ́tùn-ún kó lè bá ilẹ̀ mi jà. Tẹ́ ẹ bá wá yí i padà, tí gọ́tà wá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, ilẹ̀ ń fà á sọ́tùn-ún, ẹ̀yin náà ń fà á sọ́tùn-ún. Kí ló fẹ́ ṣe?"

Mo ń gbọ́ ọ, inú mi ń dùn pé kì í ṣe Rúlà, kì í ṣe èmi. Àfi bí ẹni pé ẹnì kan gbá mi létí. Mo ní, "Bàámi. Tá a bá gbé e lọ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ńkọ́?"

Ó ní, "Á yà sọ́tùn-ún. Kí ni kò ní jẹ́ kó yà?"

Gbọ̀ngán ìdíje ọdún tó kọjá, ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú bí tábìlì. Kọ́rídọ̀ yìí náà la ti tún ọkọ̀ ọdún tó kọjá ṣe. Ọ̀tún ló yà sí. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì.

Mi ò mọ̀gbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo ní, "Bàámi, ẹ̀yin lẹ sọ mí di Yàsígbó!"

Ó ní, "Kí ni ń jẹ́ Yàsígbó?"

Àṣé mi ò sọ fún wọn nílé rí. Odidi ọdún kan. Mo bá sọ ọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń kúrò lójú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Màámi dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Bàámi ní kí n lọ wo abẹ́ àtẹ̀gùn, kí n bá òun mú rọ́bà omi tí òun fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́jú sí wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Bàámi wá sílé ìwé! Pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábíyá, rọ́bà lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ti lé ní oṣù méjì tí kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Ó kí Tíṣà dáadáa. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi di ẹnu rọ́bà yìí mú síbi ògiri yẹn." Tíṣà dì í mú. Bàámi ní kí n di ẹnu kejì mú létí gọ́tà, kí Rúlà bu omi sí i. Gbogbo kíláàsì ti rọ́ síta. Rọ́bà náà mọ́ gaara, ojú omi sì hàn: ó dọ́gba lápá méjèèjì bó ṣe yẹ kó dọ́gba. Bàámi ní kí Rúlà fi rúlà wọn ti apá ògiri látorí omi dé ilẹ̀, kó wọn tèmi náà. Rúlà wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ Ajé. Ó ní, "Ìka mẹ́ta."

Tíṣà dúró, rọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, omi ń kán sí i ní bàtà. Ó ní, "Èmi tí mo ń kọ́ wọn pé omi kì í gbàgbé ibi tó relẹ̀."

Bàámi ní, "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, sà. Iṣẹ́ mi ni kó má hàn sójú." Ó tún wá ní, jẹ́ẹ́jẹ́, "Ọkọ̀ ọdún tó kọjá ńkọ́, sà? Ibo ni wọ́n ti tún un ṣe?"

Tíṣà wo ilẹ̀ náà. Ó ronú ẹ̀ títí dé òpin, mo ń rí i lójú ẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Kì í ṣe ọwọ́ ẹ. Ìwọ ọmọ yìí, kì í ṣe ọwọ́ ẹ rárá. Má bínú." Orúkọ mi gan-an ló wá fi pè mí.

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́, sà," tí kì í ṣe ohun tó yẹ kí n sọ. Ara mi fúyẹ́ débi pé mi ò mọ èyí tí mò ń sọ.

Rúlà tẹ̀lé mi dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ó ní, "Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ Ajé..." Mo ní, "O sọ ọ́." Ó ní, "Mo sọ ọ́. Mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́." Mo ní kó fi rúlà wọn bí ojú ṣe ń tì í tó. Ó ní rúlà òun ò gùn tó. Ó parí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́

Ilé ìkàwé ni Bàámi ní ká lọ. Ó ti fi rọ́bà wò ó, ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú. Màmá Ẹdákẹ́ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbà ká máa lò ó láàárọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, bá a bá bọ́ bàtà, tá ò sì pariwo. Rúlà ló rọrùn fún. Èmi ni ìyà ń jẹ.

A tú súkúrù padà. Bàámi ní àṣẹ kan ṣoṣo ni òun ní fún wa: ohun tó bá tọ́ lálọ, ẹ rí i pé ó tọ́ lábọ̀. Ó ti di pé kò sẹ́ni tó ń gbé ọkọ̀ padà mọ́, à ń yí imú ẹ̀ padà lópin, fúnra ẹ̀ ló ń rìn bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Lálọ, ó tọ́. Lábọ̀, ó yà ní ìka méjì. Síìdì tuntun tá a fi rọ́pò ti ìgbéyàwó ló ń mì. Mo fi bébà kékeré há a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lálọ, ó tọ́. Lábọ̀, ó tọ́.

Mo gbàgbé ara mi, mo pariwo. Màmá Ẹdákẹ́ yọjú. Mo rò pé a ti lé wa nìyẹn. Ó ní, "Ṣé ó tọ́?" A ní, "Ó tọ́, mà." Ó ní, "Ẹ pariwo díẹ̀ sí i."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Rúlà ti ka iye ìgbà tí nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ yí fún gbogbo ìwọ̀n láti mítà márùn-ún dé mẹ́jọ. Ó kún ojú ìwé mẹ́rin. Mi ò lè jẹun dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

A ti dé. A ti délé. Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Gbọ̀ngán ti ọdún tó kọjá náà ni. Adájọ́ ti ọdún tó kọjá náà wà níbẹ̀, bàtà dúdú yẹn náà ló wọ̀. Bó ṣe rí mi, ó sún ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn. Mo búra pé ó sún un.

Mítà mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n pè. Rúlà wo ìwé ẹ̀, ó ka nọ́ọ̀tì, ó gbé ọkọ̀ kalẹ̀, ó fi pẹ́ńsù yọ ìdè pàkúté. Ó lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ó tètè dúró, ó ku ìbú ọwọ́ méjì kó dé ibi àmì. Ilẹ̀ wọn ń yọ̀ díẹ̀, táyà ń yí lásán. Ilé ìwé mẹ́rin ló ti sún mọ́ àmì jù wá.

Rúlà dá nọ́ọ̀tì padà sẹ́yìn ní ìdajì ìyípo. Ó wá na pẹ́ńsù sí mi. Ó ní, "Ó kàn ẹ́."

Mo ní, "Rúlà, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdíje ẹ nìyí. Ìwọ ni kó o ṣe é."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìdíje mi ni. Gbà."

Mo kúnlẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ sórí ìlà. Mo wo ọwọ́ mi, ó ń gbọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi náà rí i pẹ̀lú ojú mi: ó ń gbọ̀n bí ewé. Mi ò lè dá a dúró. Tíṣà wà lẹ́yìn mi, mo mọ̀ pé òun náà rí i, kò sọ nǹkan kan. Mo fa ìdè náà báyìí báyìí, pẹ́ńsù já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọkọ̀ lọ tààrà. Ọwọ́ mi gbọ̀n, ọkọ̀ lọ tààrà! Ó kọjá níwájú bàtà dúdú, kò tiẹ̀ wò ó. Ó ń lọ, ó ń lọ, nọ́ọ̀tì kan pákó, ó dúró. Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rúlà. Ìbú ìka kan ló kù kó kan àmì.

Ipò kejì. A ń lọ sí ìpele tó kàn. Rúlà jókòó sílẹ̀ gbalaja ní gbọ̀ngán, ó ń sunkún, ó ń nu ojú ẹ̀ pẹ̀lú ìwé nọ́ọ̀tì. Ìpele tó kàn bọ́ sínú oṣù yìí, kò ní í tíì jáde ilé ìwé.

Mo sáré wọlé. Bàámi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò bi mí pé ipò kelòó. Ó ní, "Ó yà àbí kò yà?"

"Kò yà, sà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejèèjì."

Ó gbé orí lé ògiri, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ gbọ̀ngán yẹn ńkọ́? Ó dáa?" Mo ní ó ń yọ̀. Ó ní òun mọ̀, òun mọ ẹni tó ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n tú símẹ́ńtì ẹsẹ̀ Bàámi lónìí. Ó ti tinrín, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Òjò ńlá rọ̀ nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó ń fẹ́ wọ kọ́rídọ̀. Gbogbo wa fẹ̀yìn ti ògiri, à ń pariwo. Mo dúró ń wo ilẹ̀. Omi ò dúró rárá. Bó ṣe ń já bọ́ ló ń rọra fà lọ, láti ìdí ògiri dé etí gọ́tà, ó sì ń ṣàn lọ. Kò sí ibì kan tí omi adágún wà, ì báà kéré bí àwo. Mo ti ń rìn lórí ilẹ̀ yẹn láti ọdún mẹ́ta, mi ò rí i rí.

Rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun náà ń wò ó. Ó ní, "Bàbá ẹ mọṣẹ́ o."

Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n." A dúró níbẹ̀ títí agogo fi lù, ẹsẹ̀ wa ò tutù.